Ọ̀bẹ Larentu Nínú Àpótí Onígíláàsì

Orunele, Sardinia, Ítálì
12 Oṣù Kẹta, 1967

Bachisio ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ilẹ̀ àjèjì, mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta. Kí n tó sọ ohunkóhun, jẹ́ kí n ka àwọn tí a bí àti àwọn tí wọ́n ṣègbéyàwó fún ọ, kí o má baà máa ṣe bí àlejò nígbà tí o bá padà dé. Bonaria àbúrò rẹ bí ọmọkùnrin. Orí rẹ̀ tóbi bí orí àwọn ará ilé wa, igbe rẹ̀ sì ń dé ọ̀dọ̀ àwọn àgùntàn lórí òkè. Ọmọbìnrin Mannedda, aládùúgbò wa, ti fẹ́ ọlọ́pàá kan láti òkè òkun. Ọ̀gbẹ́ni náà ń wọ ìbọ̀wọ́ jẹun, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó ní owó ìfẹ̀yìntì. Àbúrò ọkọ Bonaria bí ìbejì, obìnrin ni méjèèjì. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Bobore náà bí, ṣùgbọ́n a kò ka ìyẹn mọ́ ẹbí.

Èmi fúnra mi ni mo kọ lẹ́tà yìí. Mo ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà ní ìrọ̀lẹ́. Orí àga àwọn ọmọ kéékèèké ni wọ́n ń fi wá jókòó sí, orúnkún mi kì í wọ abẹ́ tábìlì. Kò burú. Láti òní lọ, àlùfáà tó ń bá mi kọ̀wé kò ní máa mọ ohun tí mo bá ọmọ mi sọ kí ọmọ mi tó mọ̀ ọ́n.

Larentu ni wọ́n sọ ọmọ Bonaria, orúkọ bàbá rẹ àgbà. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. O mọ ohun tí ó tẹ̀lé e. Ní ilé wa, ọ̀bẹ ń tẹ̀lé orúkọ. Ọ̀bẹ àpò tí bàbá rẹ àgbà rọ fún ara rẹ̀, èyí tí ojú rẹ̀ ṣóńṣó bí ewé, tí èèkù rẹ̀ jẹ́ odindi ìwo àgbò kan tí kò ní ìsopọ̀, Larentu ló ni ín, Larentu ni yóò sì gbà á. Orúkọ bàbá ìyá rẹ ni ìwọ ń jẹ́. Nígbà tí mo fi ọ̀bẹ náà sínú àpò rẹ ní èbúté, kò sí Larentu mìíràn láyé, o sì nílò ohun tí wàá fi máa gé búrẹ́dì. Nísinsìnyí onílé ti dé.

Ní ọdún Kérésìmesì ni a ó fún ọmọ náà ní búrẹ́dì àkọ́kọ́ rẹ̀. Ọ̀bẹ Larentu ni yóò gé e. Fi í ránṣẹ́, tàbí kí ìwọ fúnra rẹ mú un wá. Èyí tí o bá mú wá fúnra rẹ ni yóò dùn mọ́ mi jù. Ilé arọ tí bàbá rẹ àgbà ti ń rọ irin ṣì wà bí ó ti fi sílẹ̀. Mò ń fi òróró pa ẹwìrì kí awọ rẹ̀ má baà ya. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án.

Ìyá rẹ àgbà,
Gonaria


Melbourne, Ọsirélíà
7 Oṣù Karùn-ún, 1967

Ìyá Àgbà mi,

Ẹ kú àárọ̀, tàbí ẹ kú alẹ́, nítorí ìgbà tí àwa ń jí níbí ni ẹ̀yin ń sùn. Inú mi dùn sí ọmọ tuntun náà. Mo fi lẹ́tà yín han àwọn ọ̀rẹ́ mi, mo ní, ẹ wo ọwọ́ ìyá mi àgbà! Wọn kò gbà gbọ́ pé lọ́dún tó kọjá, àmì àgbélébùú lásán ni ẹ ń fà sábẹ́ ìwé.

Ara mi le. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin ni mo wà. Mo sá fún iná kékeré Bàbá Àgbà, mo bọ́ sínú ńlá. Ṣùgbọ́n níbí, nígbà tí agogo bá dún, iná kì í ṣe tìrẹ mọ́, o lè lọ sílé.

Mo fẹ́ sọ ohun kan fún yín, ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ti di ẹni tó ń kó ọ̀bẹ àpò jọ. A pọ̀ díẹ̀ tí a ń ṣe é. Ní ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù, a ń pàdé nínú gbọ̀ngàn kan: onígbàjámọ̀, awakọ̀ ojú irin, dókítà eyín kan tí ń jẹ́ Desmond, àti èmi. Olúkúlùkù a tẹ́ aṣọ àrán sórí tábìlì rẹ̀, a ó to àwọn ọ̀bẹ sí i, a ó máa fi gíláàsì wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. A kì í fi wọ́n gé nǹkan kan. Mo ti ní ju ọgbọ̀n lọ. Àwọn kan ti Jámánì, àwọn kan ti Faransé. Nígbà tí mo gbé ti Bàbá Àgbà jáde, gbogbo gbọ̀ngàn pé yí tábìlì mi ká. Desmond gbé e sókè bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ìyá Àgbà, mi ò mọ̀ pé nǹkan ńlá ló wà lápò mi!

Mo ti mú un lọ kí wọ́n fi ẹ̀rọ dán an. Gbogbo dúdú ara irin náà ti lọ, ó ń tàn bí omi. Inú àpótí onígíláàsì ló ń gbé báyìí.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀. Ẹ mọ gbogbo ẹni tí Bàbá Àgbà rọ ọ̀bẹ fún. Ẹ bá mi rìn yíká ìlú. Àwọn opó ní ọ̀bẹ ọkọ wọn nínú àpótí, ìpẹtà ni yóò jẹ ẹ́. Ẹ bá mi bi wọ́n bóyá wọ́n á tà á.

Ní ti ọ̀bẹ tí ẹ ní kí n fi ránṣẹ́, ilé ìfìwéránṣẹ́ kò ṣeé fọkàn tán. Ọmọ náà kò tíì léyín. Ta ló ń lé wa?

Ọmọ yín,
Bachisio


Orunele
18 Oṣù Kẹfà, 1967

Bachisio,

Mo kí ọ. A wà láàyè. Bonaria kí ọ, ọmọ náà ti ń jókòó, ó sì ti ń fa irùngbọ̀n ọkọ Bonaria tu.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ka lẹ́tà rẹ. Lákọ̀ọ́kọ́ mo rò pé n kò mọ̀wé tó ni. Nígbà tí mo tún un kà, mo rí i pé mo mọ̀ ọ́n kà.

Ta ló ní kí o wẹ òkú lẹ́ẹ̀kejì? Dúdú tó wà lára irin yẹn, ìdọ̀tí lo rò pé ó jẹ́? Ọsàn tí bàbá rẹ àgbà bó fún mi nígbà tí mo lóyún bàbá rẹ wà nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́ àgùntàn Ọjọ́ Àjíǹde wà nínú rẹ̀, àti omi igi ọ̀pọ̀tọ́, àti wàràkàṣì gbogbo ìgbà òtútù tí a jọ là kọjá. Irin tó bá ń tàn, irin tí kò tíì bá ẹnikẹ́ni jẹun ni. O fi ẹ̀rọ nù ún kúrò láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, o sì ń kọ̀wé sí mi pé kí n bá ọ yọ̀.

Síbẹ̀ mo jẹ́ iṣẹ́ tí o rán mi, nítorí ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ti ọmọ ẹlòmíràn. Mo lọ bá Bobore, ọ̀kan nínú àwọn tí bàbá rẹ àgbà rọ ọ̀bẹ fún. Ó jókòó sábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ rẹ̀, ó ń gé wàràkàṣì.

Mo ní, “Bobore, ọmọ mi tó wà ní Ọsirélíà ní kí n bi ọ́ bóyá wàá ta ọ̀bẹ rẹ.”

Kò gbójú sókè. “Kí ló fẹ́ fi gé?”

“Kò fẹ́ fi gé nǹkan. Ó fẹ́ máa wò ó ni.”

“Kó máa wò ó? Ṣé ọ̀bẹ náà ń jó ni?”

Ìyàwó rẹ̀ ti gbọ́ láti ilé ìdáná. Ó ké jáde pé, “Gonaria, bá mi sọ fún un kó ra eyín Bobore mọ́ ọn. Òun náà kò gé nǹkan mọ́, wíwò lásán ló kù!”

Bobore nu ọ̀bẹ rẹ̀ sára búrẹ́dì, ó pa á dé, ó ní, “Wọn á bá ọ̀bẹ yìí lápò mi lọ́jọ́ tí mo bá kú. Ọmọ ọmọ mi tó ń jẹ́ Bobore ni yóò yọ ọ́. Kí Bachisio máa lọ wo òkun, òun náà ń dán.”

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo délé, mo ti ilẹ̀kùn, mo bá ara mi wí. Opó alágbẹ̀dẹ ń rìn láti ilé dé ilé, ó ń tọrọ ohun tí ọkọ rẹ̀ rọ! N kò lọ sí ilé kejì. N kò ní lọ.

Bachisio, ìwọ náà mọ̀ pé ní tábìlì wa a kì í kó ọ̀bẹ sílẹ̀ fún ọkùnrin. Olúkúlùkù ń yọ tirẹ̀ lápò. Ẹni tí kò bá ní, wọ́n ń gé oúnjẹ fún un bí ẹni gé fún ọmọ ọwọ́. N kò fẹ́ kí wọ́n gé oúnjẹ fún Larentu títí yóò fi hu irùngbọ̀n. Gavino, ọmọ Mannedda, ń bọ̀ wálé nínú oṣù kẹsàn-án. Àdúgbò kan náà lẹ wà. Gbé ọ̀bẹ náà lé e lọ́wọ́. Kò sí ilé ìfìwéránṣẹ́ nínú èyí, ọ̀rọ̀ ti tán.

Ọ̀bẹ ń wólé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Ronú sí i.

Ìyá rẹ àgbà,
Gonaria


Orunele
24 Oṣù Kẹsàn-án, 1967

Bachisio,

O kò fèsì lẹ́tà mi, ṣùgbọ́n Gavino ti dé. Mo ti dúró sẹ́nu ọ̀nà kí ó tó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Kò lè wo ojú mi.

Mo ní, “Gavino, kí ló wà lọ́wọ́ rẹ?”

Ó ní, “Ìyá Gonaria, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ. Lákọ̀ọ́kọ́ ó ní kí n padà wá. Lẹ́ẹ̀kejì ó fún mi ní kọfí, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù títí ọkọ̀ mi fi fẹ́ lọ.”

“Ọ̀bẹ ńkọ́?”

“Ọ̀bẹ pọ̀ lọ́hùn-ún bí ẹja lọ́jà. Mo wo gbogbo àpótí náà. Ti Bàbá Larentu kò sí níbẹ̀.”

Mannedda fa ọmọ rẹ̀ létí, ó ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́, ìrìn àjò ti rẹ̀ ẹ́, kò mọ ohun tó ń sọ. Mannedda jẹ́ ènìyàn rere. Ṣùgbọ́n mo rí ojú Gavino. Ọ̀bẹ yẹn ló fi kọ́ bí a ti ń gbẹ́ igi nígbà tó wà ní kékeré, kò lè ṣì í mọ̀.

N kò ní kọ̀wé púpọ̀. Níbo ni ọ̀bẹ Larentu wà?

Gonaria


Melbourne
19 Oṣù Kọkànlá, 1967

Ìyá Àgbà,

Ẹ kú ilé. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń bínú, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ mi tán kí ẹ tó bínú dópin.

Mo ti fi ọ̀bẹ náà ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú Desmond. Kí lẹ́tà yín ti oṣù kẹfà tó dé ni mo ti ṣe é. Ọ̀bẹ Gẹ̀ẹ́sì kan ló fún mi, ó ní ojú méje, ìyá ìyá ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ni wọ́n rọ ọ́ fún, kò sí irú rẹ̀ mọ́ lórí igbá. Ẹni tó bá mọ ọ̀bẹ á sọ fún yín pé èmi ni mo jèrè. Desmond kò sì fi ti Bàbá Àgbà ṣeré. Ó gbé e sí àárín pàlọ̀ rẹ̀, iná kékeré kan ń tàn lé e, wọ́n sì kọ ìwé sábẹ́ rẹ̀ pé: “Ọ̀bẹ darandaran, Ítálì.” Àwọn ènìyàn ń wá wò ó. Ní Orunele, ta ló ń wò ó? Inú àpò ṣòkòtò ló wà, pẹ̀lú okùn àti èérún búrẹ́dì.

Mo bi Desmond bóyá yóò dá a padà. Mo bi í, Ìyá Àgbà, mo fi Ọlọ́run búra. Ó ní, “Ohun tí a bá ti bọwọ́ lé lórí, ó ti parí.” Bí òfin ẹgbẹ́ wa ti rí nìyẹn.

Ní èbúté, ẹ fi í sínú àpò mi, ẹ ní, “Máa fi gé búrẹ́dì rẹ.” Ẹ kò sọ pé ẹ yá mi ni. Mo sun ẹkún lórí ọkọ̀ ojú omi nítorí mo rò pé níkẹyìn ẹnìkan ti fún mi ní nǹkan nínú ilé yẹn. Láti kékeré ni mo ti ń fín ẹwìrì fún Bàbá Àgbà. Irun ojú mi jóná níbẹ̀. Ó rọ ọ̀bẹ fún darandaran, fún àlùfáà, fún adájọ́ ìlú kejì. Kò rọ ẹyọ kan fún mi rí. Nígbà tí mo bá tọrọ, á ní, “Nígbà tí o bá rọ tìrẹ, wàá ní.” Ọmọ tí kò tíì léyín ti ní ọ̀bẹ nítorí orúkọ. Èmi tí mo jẹ èéfín rẹ̀, kí ni mo ní?

Ẹ má rò pé n kò fẹ́ràn ọmọ náà. Mo ti ra ọ̀bẹ kan fún un, ó ti wà lójú ọ̀nà báyìí, yóò dé kí ọdún tó dé. Eyín erin ni èèkù rẹ̀, wọ́n sì fi wúrà kọ LARENTU sí i lára. Ọgọ́ta dọ́là ni mo rà á. Nínú owó yín, ẹgbẹ̀rún méjìlélógójì lire ni. Owó tí mò ń gbà lọ́sẹ̀ kan ni mo kó lé e. Ẹ sọ fún mi, ọ̀bẹ wo ni Bàbá Àgbà rọ tó tó bẹ́ẹ̀?

Bachisio


Orunele
14 Oṣù Kìn-ín-ní, 1968

Bachisio,

Mo kí ọ. Ẹrù rẹ dé ní ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì. Ọ̀bẹ náà dára. N kò ní purọ́ nítorí pé mò ń bínú. Bonaria ṣí àpótí rẹ̀, ó pariwo, ọmọ náà na ọwọ́ sí wúrà ara rẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò mi wo ẹnu rẹ̀ bí bàbá rẹ àgbà ti máa ń ṣe. Ẹni tó rọ ọ́ mọ iṣẹ́.

Ní ọjọ́ ọdún, gbogbo wa jókòó. Bobore wà níbẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀, Mannedda wà níbẹ̀. A gbé búrẹ́dì sí àárín. Ọkọ Bonaria yọ ọ̀bẹ rẹ, ó fẹ́ gé e.

Mannedda di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Dúró ná! Wọ́n ti sanwó ọ̀bẹ yìí?”

Ọkọ Bonaria ní, “Ẹ̀bùn ni, Ìyá Mannedda.”

“Ẹ̀bùn kẹ̀? Ìwọ ọmọ yìí, ta ló tọ́ ọ? Wọn a máa gba ọ̀bẹ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ràn? Ọ̀bẹ ọ̀fẹ́, okùn ìfẹ́ ló ń kọ́kọ́ gé.” Ó tú ìṣẹ́po aṣọ orí rẹ̀, ó yọ ẹyọ lire márùn-ún kan, èyí tí a ya ẹja sí, ó fi í lé mi lọ́wọ́. “Gonaria, fi èyí sínú lẹ́tà fún un. Ẹyọ kan tó. Ẹbí á dúró.”

Nígbà náà ni Bobore yọ ọ̀bẹ tirẹ̀ lápò, ó nu ún, ó ní, “Larentu ló rọ èyí náà. Ebi ń pa ọmọ.” Òun ló gé búrẹ́dì náà. Ọmọ jẹ ẹ́, ó tu ú dànù, ó tún jẹ ẹ́. Ìyàwó Bobore ní, “Ẹ wò ó, ó jọ Bobore, ó ń jẹun láìní eyín.” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ó ku ohun tí o bi mí. O ní bàbá rẹ àgbà kò rọ ọ̀bẹ kankan fún ọ. Òótọ́ ni. Alágbẹ̀dẹ kì í rọ ọ̀bẹ fún alágbẹ̀dẹ. Bàbá rẹ̀ kò rọ fún òun náà, òun fúnra rẹ̀ ló rọ èyí tí o fi ṣe pàṣípààrọ̀. Ohun tó fi sílẹ̀ fún ọmọ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀bẹ kan ṣoṣo. Ohun tó fi sílẹ̀ fún ọ ni iná, àti ẹwìrì, àti àwọn ọmọ owú, àti irin ńlá tí ó máa ń lu gbogbo ọ̀bẹ ìlú yìí lé lórí. O ń sunkún nítorí ẹyin, orí adìyẹ lo jókòó lé. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ọwọ́ rẹ ni bàbá rẹ àgbà ń retí. Ó kú, ó ń retí ọwọ́ rẹ. Èmi náà ń fi òróró pa awọ, mò ń retí ọwọ́ rẹ.

O kọ ọ́ sí mi pé wọ́n kọ ìwé sábẹ́ ọ̀bẹ náà, bí ẹni pé kí n jó. “Ọ̀bẹ darandaran, Ítálì.” Mo mọ̀wé kà báyìí, Bachisio. Mo wá orúkọ ọkọ mi nínú ìwé yẹn, n kò rí i. O mọ orúkọ rẹ̀. Desmond ìbá ti bi ọ́. Tàbí kò bi ọ́? Tàbí ó bi ọ́, o sì ní kò ṣe pàtàkì? Má fèsì, n kò fẹ́ mọ èyí tí ó jẹ́.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, mo ránṣẹ́ pe alágbẹ̀dẹ ìlú kejì. Ó ti ń bẹ̀ mí kí n ta irinṣẹ́ ilé arọ fún òun láti ìgbà tí bàbá rẹ àgbà ti kú, mo sì ń sọ fún un pé onílé ń bọ̀. Ó mú àwọn ọmọ rẹ̀ wá. Mẹ́rin ni wọ́n kí wọ́n tó lè gbé irin ńlá náà. Wọ́n kó ẹwìrì, wọ́n kó ọmọ owú, wọ́n kó ẹ̀mú. Ọkùnrin náà bi mí bóyá mo fẹ́ fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún ìrántí. Mo ní, kí n máa wò ó ni? Kó gbogbo rẹ̀ lọ, kó máa dún níbi tí wọ́n ti ń lò ó. Àwọn ewúrẹ́ ló ń sùn nínú ilé arọ báyìí. Ó móoru fún wọn.

Mo dá ẹyọ lire márùn-ún padà fún Mannedda. Ó bínú sí mi, ó ní, “Gonaria, má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹyọ kan péré ni, ọmọ rẹ ni.” Mo ní, “Ẹyọ kan ni ẹbí ń san fún ẹbí. Ẹni tó bá ra ọjà lọ́wọ́ àjèjì, iye tí àjèjì dá lé e ló ń san.” Nígbà tí Larentu bá dàgbà, yóò máa lo ọ̀bẹ náà, kò sì ní jẹ ẹnikẹ́ni ní ọpẹ́.

Èmi Gonaria, opó Larentu alágbẹ̀dẹ, ni mo fi owó ọjà rẹ ránṣẹ́ láti ilé ìfìwéránṣẹ́ ní òwúrọ̀ yìí, ó pé: ẹgbẹ̀rún méjìlélógójì lire.